Ìmọ̀ràn: Báwo la ṣe lè fa ààlà ẹkùn ìdìbò Èkìtì láìṣe ojúsàájú?

Ọmọ Ewì: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa l'Ádó fẹ́ kọ̀wé sí INEC pé kí wọ́n tún ààlà ẹkùn ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò, a sì fẹ́ fi máàpù tiwa kún un. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Amòfin: Iye èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú, àbúrò. Abala 113 ìwé òfin 1999 ní kí iye olùgbé ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ra tó bó bá ti lè ṣeé ṣe. Ìkànìyàn 2006 ka nǹkan bíi 2,400,000 ní Èkìtì. Ẹ pín in sí ìjókòó 26 tó wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀, bíi 92,300 ló kan ẹkùn kan. Èèyàn ìjọba ìbílẹ̀ Adó lé ní 300,000, ìjókòó méjì péré ló ní. Iléjẹ́méje tó jẹ́ bíi 43,000 ní ọ̀kan. Ohùn ará Iléjẹ́méje kan ju ti ará Adó mẹ́ta lọ! Ibẹ̀ ni agbára ìwé yín wà. Òfin wa kò sọ bí ìyàtọ̀ ṣe lè pọ̀ tó. Bìrìtéènì ń lo 5% sókè àti sísàlẹ̀. Ẹ mú 10%, torí ìkànìyàn wa ti pẹ́: láti 83,000 dé 101,500.

Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé: Ẹ má fi ìwé orúkọ olùdìbò ka èèyàn o. Kò sí ọmọdé níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ti kó lọ sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ béèrè iye agbègbè ìkànìyàn kéékèèké lọ́wọ́ NPC, àjọ tó ń ka èèyàn, kí ẹ máa tò wọ́n pọ̀. Wọ́ọ̀dù 177 tó wà l'Ékìtì tóbi jù, iye kì í fẹ́ dọ́gba.

Ayàmáàpù: QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yí máàpù sí UTM 31N, ìlànà ìwọ̀n máàpù tó bá agbègbè wa mu, kí ìwọ̀n ilẹ̀ má baà ṣì. Ẹ fún agbègbè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹkùn rẹ̀, kí ẹ wá lo irinṣẹ́ Aggregate inú QGIS, kí ẹ yan sum (àròpọ̀). Ẹ má lo Dissolve, irinṣẹ́ tó ń so agbègbè pọ̀, fún èyí: kì í ro iye pọ̀, iye ti agbègbè àkọ́kọ́ nìkan ló máa gbé wá, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í fura. Fún ìrísí ẹkùn, bóyá ó ṣù pọ̀ tàbí ó rí jágajàga: 4 × π × ìwọ̀n ilẹ̀, ẹ fi gígùn ààlà lọ́nà ara rẹ̀ (gígùn × gígùn) pín in. Èyí tí kò bá tó 0.2, ẹ tún un wò.

Ará Ẹ̀fọ̀n: Òkè lè fa èsì yẹn wálẹ̀ láìsí màgòmágó o. Ohun tó burú ni kí agbègbè méjì fara kanra lórí máàpù, kí òkè wà láàárín wọn, kó sì jẹ́ pé inú ẹkùn ẹlòmíràn lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹ tọ ojú ọ̀nà wò. Ẹ má sì gé abúlé oko kúrò lára ìlú tó ni ín.

Ọmọ Ewì: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé ká ya ti Adó nìkan?

Amòfin: Rárá. Ìjókòó tí Adó bá gbà, ibìkan ló máa ti kúrò, torí náà ẹ ya mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pé. Iléjẹ́méje lè gba agbègbè kún un láti Mọ̀bà tàbí Ìdó-Òsì, nítorí ẹkùn aṣojú-ṣòfin kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn INEC, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní láti fọwọ́ sí i, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí sáà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó wà níbẹ̀ á fi parí. Ẹ tètè fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú wa l'Ábùjá.