Abẹ́rẹ́ kòrónà n'Íbàdàn: kí lojú yín rí?

Nọ́ọ̀sì Bẹẹrẹ: Mo wà lára àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri ọjà lọ́dún 2021. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ìgò abẹ́rẹ́ AstraZeneca kan, èèyàn 10 ló wà fún. Tá a bá ti ṣí i, wákàtí 6 péré ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. Lọ́jọ́ kan ní Bódìjà, èèyàn méjì jókòó, a ṣí ìgò. Àwọn yòókù ní àwọn fẹ́ wo àwọn méjèèjì ná, bóyá wọn ò ní ṣubú. Ni mo bá gbé kúlà kọ́ èjìká, mo ń bẹ̀ wọ́n láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Màmá onítàtàṣé kan ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Èyí tí wọ́n ní ẹni tó bá gbà á ò ní lò ju ọdún méjì lọ? Lọ gún ìyá ẹ." Mo ní, "Mo ti gún wọn, mà." Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan sì na apá. Ìyókù ìgò yẹn, a dà á nù.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní láti oṣù Kejìlá 2021, òṣìṣẹ́ wọn tí ò bá ní káàdì àjẹsára tàbí èsì àyẹ̀wò pé kò ní kòrónà ò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì, ká tó ṣẹ́jú, káàdì ti wà lápò àwọn tó ń bú abẹ́rẹ́ lánàá. Wọn ò gún un o! Wọ́n rà á ni. Nínú ìwé, gbogbo wa ti gbà á. Oṣù yẹn náà ni Omicron, ẹ̀yà kòrónà tuntun, dé, ikọ́ sì ń ti tábìlì kan bọ́ sórí èkejì.

Nọ́ọ̀sì Bẹẹrẹ: Mi ò ní purọ́, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà kó Omicron. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká wúkọ́ nílé, ọ̀tọ̀ ni ká máa wá ọ́síjìn kiri. Bí kòkòrò yẹn bá sì ṣe ń ti ara kan bọ́ sí òmíràn ló ń bí sí i, ibi tó ti ń bí sí i náà ló ti ń pààrọ̀ àwọ̀.

Bàbá Ẹlẹ́wà: Èmi ń ra ẹ̀wà ní Kano lọ́dún 2003, nígbà tí wọ́n dá oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró. Mo bi oníbàárà mi kan pé kí ló dé. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé àwọn ọmọ tí ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán oògùn mìíràn wò lára wọn níbẹ̀ lọ́dún 1996 ni? Mi ò rí èsì fọ̀. Kòkòrò náà ò kúkú dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan: nígbà tó fi máa di 2005, irú tó ti Nàìjíríà jáde ti dé Indonesia, ọdún 2020 ni wọ́n sì tó kéde pé ojúlówó rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ti inú oògùn àjẹsára, ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.