ORA-01017 ti yanjú: orúkọ fáìlì ló fà á

Mo ti rí ojútùú sí ohun tí mo béèrè níbí nípa dátábéèsì Oracle wa: lórí sáfà fúnra rẹ̀, sqlplus / as sysdba (àṣẹ tí alábòójútó fi ń wọlé) ń wọlé wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ORA-01017 (àṣìṣe tó ń sọ pé orúkọ tàbí páásíwọ̀ọ̀dù kò tọ̀nà) ló ń dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ páásíwọ̀ọ̀dù tọ̀nà.

Nígbà tí a kó dátábéèsì wá sórí sáfà tuntun, orapwprod ni a sọ fáìlì páásíwọ̀ọ̀dù, èyí tí Oracle fi ń mọ àwọn alábòójútó tó ń wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, nínú $ORACLE_HOME/dbs. PROD sì ni ORACLE_SID wa, ìyẹn orúkọ tí sáfà fi mọ dátábéèsì náà, tí Oracle sì ń so mọ́ ẹ̀yìn orapw. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré lórí Linux, nítorí náà orapwPROD ni Oracle ń wá, kò sì rí i. Wíwọlé lórí sáfà kò nílò fáìlì yẹn rárá, torí a wà nínú ẹgbẹ́ dba lórí Linux, tí Oracle ń gbà wọlé láìbéèrè páásíwọ̀ọ̀dù. Ohun tó ṣì mí lọ́nà fún ọjọ́ méjì nìyẹn. Ó yẹ kí n ti tètè wo V$PWFILE_USERS, tó ń to àwọn àkáǹtì inú fáìlì náà. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀.

Mo tún orúkọ náà ṣe, mo pa dátábéèsì, mo tún un tan: ìlà mẹ́ta jáde nínú V$PWFILE_USERS.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fi orapwd, irinṣẹ́ tó ń ṣe fáìlì páásíwọ̀ọ̀dù, ṣe fáìlì tuntun, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé mi ò sáré. SYS, àkáǹtì alábòójútó àgbà, nìkan ni ì bá kù nínú rẹ̀, a ó sì máa fi àṣẹ GRANT dá àwọn àkáǹtì yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkáǹtì bákọ́ọ̀pù wà lára àwọn mẹ́ta náà, ó ní SYSDBA, agbára alábòójútó tó ga jù lọ! Ẹ̀rù bà mí gan-an. SYSBACKUP, agbára fún iṣẹ́ bákọ́ọ̀pù tó ti wà láti Oracle 12c, tó o. Mo ti fún un, mo gba SYSDBA lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi AS SYSBACKUP sí ibi tí RMAN, irinṣẹ́ bákọ́ọ̀pù Oracle, ti ń wọlé. Bákọ́ọ̀pù àná parí láìsí wàhálà.