Kò sí irúgbìn kankan nínú àtọ̀ mi: ṣé iṣẹ́ abẹ lè rí i?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọdún kẹrin rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wá ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yẹ àtọ̀ mi wò, wọn kò sì rí irúgbìn kankan níbẹ̀. Dókítà ní àwọn lè fi iṣẹ́ abẹ wá a nínú kóró ẹpọ̀n mi. Bí kò bá sí nínú àtọ̀, ibo ni wọn yóò ti rí i?

Ìdáhùn kìíní
Arákùnrin mi, yàrá àyẹ̀wò àtọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí a kò rí irúgbìn nínú àtọ̀ rẹ̀ ṣì lè ní in nínú kóró ẹpọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ni ó dí, irúgbìn wà lọ́hùn-ún, abẹ́rẹ́ sì sábà máa ń tó láti fà á jáde. Èyí tí ó le ni ti ẹni tí kóró ẹpọ̀n rẹ̀ gan-an kò ṣiṣẹ́ tó. Síbẹ̀, ojú ibi kéékèèké kan lè wà tí iṣẹ́ kò tíì dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú iṣẹ́ abẹ micro-TESE: wọn a la kóró ẹpọ̀n, wọn a sì fi awò tí ó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀, nítorí pé èyí tí irúgbìn wà nínú rẹ̀ sábà máa ń sanra, tí ó sì máa ń funfun ju àwọn yòókù lọ. Wọn a wá fi abẹ́rẹ́ ti irúgbìn kan ṣoṣo sínú ẹyin obìnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní ICSI.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àyẹ̀wò àbùdá kí wọ́n tó fi abẹ kàn yín. Bí apá tí wọ́n ń pè ní AZFa tàbí AZFb lórí kúrómósóòmù Y (okùn àbùdá tí ọkùnrin ń jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀) bá ti sọnù pátápátá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n là yín lásán. Bí ó bá jẹ́ apá AZFc nìkan ni ó sọnù, ìrètí wà, àmọ́ ọmọkùnrin tí ẹ bá bí yóò jogún rẹ̀.

Ìdáhùn kejì
Ṣé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ testosterone, ìyẹn èròjà akọ inú ara, rí? Ó máa ń dá kóró ẹpọ̀n dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fi í sílẹ̀ kí irúgbìn tó padà.

Ìdáhùn kẹta
Wọ́n ṣe é fún mi, wọn kò rí nǹkan kan. Èmi àti ìyàwó mi ti jókòó sọ ọ́ ṣáájú, bóyá a ó gba irúgbìn ẹlòmíràn tàbí a ó gba ọmọ tọ́, nítorí náà ọjọ́ yẹn dùn wá, ṣùgbọ́n kò bá wa lójijì. Ẹ bá ìyàwó yín sọ ọ́ nísinsìnyí.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gba abẹ́rẹ́ náà fún oṣù méje, nítorí pé ó ń rẹ̀ mí, n kò sì sọ fún dókítà. Màá sọ fún un kí a tó dá ọjọ́ kankan.