Wọ́n ká ìwé mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ nínú ìdánwò, páńẹ́lì ti pè é, kí la máa ṣe?

Àkọ́bí_Ọ̀yọ́
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, orí mi ti dàrú. Àbúrò mi obìnrin wà ní 300 level ní yunifásítì kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí náà ni, wọ́n ti kọ ọ́ débì kan kí ínfíjílétọ̀ (ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò) tó ní kó ṣí ìdérí kákúlétọ̀ ẹ̀, bó ṣe ṣí i báyìí ni ìwé pélébé kan já bọ́, wọ́n gba ìwé yẹn, wọ́n gba skríìpù tó ń kọ ìdáhùn ẹ̀ sí, wọ́n wá fún un ní fọ́ọ̀mù pé kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ kó sì sáìnì. Ó ní gbogbo ara lòun fi ń gbọ̀n, òun ò rántí ohun tóun kọ mọ́.

Ohun tó sọ fún mi ni pé ìwé òun ni lóòótọ́, àwọn fọ́múlà tóun ń há sórí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀, òun tì í bọ inú kákúlétọ̀ nígbà tí wọ́n ń pè wọ́n wọlé, òun ò sì wò ó rárá. Mo gbà á gbọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí, mi ò mọ̀ bóyá àwọn yẹn máa gbà á gbọ́. Létà ti dé báyìí, Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kó wá síwájú páńẹ́lì.

Ìmọ̀ràn tí mò ń gbà ò bára wọn mu. Ẹnì kan ní kó ní òun ò rí ìwé yẹn rí, pé ẹni tó yá a ní kákúlétọ̀ ló ni ín. Ẹlòmíì ní òun mọ èèyàn kan ní dìpátímẹ́ǹtì, tá a bá lè wá 150k, fáìlì yẹn máa sọnù. Bọ̀ọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ká sáré gba ilé ẹjọ́ lọ. Mọ́mì wa ò tíì gbọ́ torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè lé e dànù ni? Ṣé lọ́yà lè bá a wọlé? Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó jọ̀ọ́ sọ òótọ́ fún mi.

Màámi_Olùkọ́
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sí irú páńẹ́lì yìí kí n tó rétáyà, ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Owó yẹn, ẹ má san án. Fáìlì kì í wà níbì kan ṣoṣo, ti dìpátímẹ́ǹtì wà, ti fákọ́tì wà, ti ọ́fíìsì rẹ́jísírà wà. Ẹni tó ní òun máa sọ ọ́ nù kàn fẹ́ jẹ owó yín ni, tí wọ́n bá sì mú un, ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ á wá kún ti ìwé pélébé.

Ṣé wọ́n lè lé e? Wọ́n lè lé e o. Ó wà nínú òfin tó dá ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ pé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá hùwà tí kò tọ́, VC, ìyẹn ọ̀gá àgbà yunifásítì, lè ní kó má dé àwọn ibì kan tàbí kó má lo àwọn nǹkan kan lọ́gbà fún ìgbà kan, ó lè rọ́sítíkéètì ẹ̀, ìyẹn ni pé kó lọ jókòó sílé, fún iye àkókò tó bá dá, ó sì lè lé e kúrò pátápátá. VC lè gbé agbára yẹn fún ìgbìmọ̀, ibẹ̀ ni páńẹ́lì ti wá. Ìyà tó wà fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá a nínú ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa ń fún wọn nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìdánwò dáadáa, torí ẹni tó mú ìwé wọlé àti ẹni tó rán ẹlòmíì wá kọ ìdánwò fún un, ìyà wọn kì í sábà dọ́gba.

Ohun tá a máa ń wò rèé. A máa tẹ́ ìwé pélébé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ skríìpù, ká wò ó bóyá ohun tó wà níbẹ̀ bá kúẹ́ṣọ̀n mu, bóyá ọmọ náà ti dà á kọ. Tí kò bá sí ìlà kan níbẹ̀ tó wọnú skríìpù, kí àbúrò yín bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi méjèèjì wéra níṣojú ẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé ìyẹn jù ṣá o, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, pé wọ́n bá a lára ẹ ti tó ẹ̀ṣẹ̀, bó o wò ó bó ò wò ó, ó kàn lè dín ìyà kù ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú. Ọmọ kan kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni, kí wọ́n ṣàánú òun, lẹ́yìn oṣù kan ó dé iwájú wa ó ní òun ò rí ìwé yẹn rí, àwọn èèyàn ilé ẹ̀ ló kọ́ ọ. Inú mi bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Sẹ̀mẹ́sítà kan ni ọmọ yẹn ì bá lò nílé, àmọ́ irọ́ yẹn bí àwọn tá a jọ jókòó nínú ju ìwé lọ, wọ́n sọ ọ́ di ọdún kan. Ẹ lọ bèèrè fọ́tòkópì fọ́ọ̀mù yẹn kí Tọ́sìdeè tó pé.

Ọmọ_Alábúlọ́ọ̀kù
Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. 200 level ni mo wà, wọ́n rọ́sítíkéètì mi fún odindi sẹ́ṣọ̀n kan. Mo purọ́, mo ní ìwé yẹn kì í ṣe tèmi, wọ́n ní kí n kọ ìlà mẹ́ta sórí pépà níwájú wọn, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni. Mi ò lè gbórí sókè. Gbogbo ọdún yẹn, ibi tí wọ́n ti ń lu búlọ́ọ̀kù ní Ìwó Road ni mo wà, mò ń ru sìmẹ́ǹtì, tí mo bá rí àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì tí wọ́n ń kọjá, mo máa ń sá sẹ́yìn yanrìn kí wọ́n má bàa rí mi.

Ohun tẹ́nì kankan ò sọ fún mi ni pé tí ìyà bá pé, èèyàn ò kàn ní padà wọlé bẹ́ẹ̀, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ti kọ létà pé mo fẹ́ padà, mi ò mọ̀, kí n tó sáré kọ ọ́ réjísíréṣọ̀n ti parí, bí mo ṣe tún lo sẹ̀mẹ́sítà kan nílé nìyẹn. Owó họ́sítẹ́ẹ̀lì tí mo ti san tẹ́lẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ tún ka ọjọ́ orí ẹ̀ mọ́ ọn, torí ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gboyè ò ní lè sin ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ní NYSC mọ́.

Ẹ sọ fún mọ́mì, mo bẹ̀ yín. Oṣù mẹ́rin lèmi fi pa á mọ́, ọjà ni ìyá mi ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọmọ kíláàsì mi. Kò bá mi jà, ó kàn bi mí pé ṣé òun náà ni mo fi irú èyí pa mọ́ fún. Ìyẹn dùn mí ju ọdún tí mo lò nílé lọ.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Ẹ má tíì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹjọ́ táwọn èèyàn máa ń dárúkọ ni ti Garba àti Yunifásítì Maiduguri, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá lọ́dún 1986. Rògbòdìyàn ló ṣẹlẹ̀ lọ́gbà lọ́dún 1983, wọ́n sun ilé, wọ́n kó ẹrù, igbákejì VC tí wọ́n sun ilé ẹ̀ ló tún wá ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀, wọ́n wá lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ò lè jókòó dá ẹjọ́ ara ẹ̀, pé ẹ̀sùn ọ̀daràn bí iná sísun, ilé ẹjọ́ ló ni ín, wọ́n ní kí wọ́n gba àwọn ọmọ náà padà. Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti kàn yín ni pé tí ínfíjílétọ̀ tó mú un bá wà lára àwọn tó fẹ́ dá a lẹ́jọ́, kí àbúrò yín fi sùúrù sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbẹ́jọ́ òdodo wà nínú ìsọ̀rí 36 ìwé òfin 1999. Kó mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, kó rí ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ kó sì lè bi ẹlẹ́rìí léèrè. Lọ́yà wíwọlé, ọ̀pọ̀ páńẹ́lì kì í gbà, àmọ́ ẹ lè kọ̀wé béèrè. Tí wọ́n bá ní kó wà nílé títí wọ́n á fi parí ìwádìí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Esiaga àti Yunifásítì Calabar, 2004, pé ìyẹn ò ta ko ìgbẹ́jọ́ òdodo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ Magit àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Makurdi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìdánwò àti oyè, ọ̀rọ̀ inú ilé yunifásítì ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rin gbogbo ọ̀nà inú ilé yẹn tán. Ọ̀nà inú ilé náà ni Council, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń darí yunifásítì, ibẹ̀ ló máa kọ̀wé sí tí wọ́n bá rọ́sítíkéètì ẹ̀ tàbí tí wọ́n bá lé e. Wọ́n máa ń dá ọjọ́ fún un o, ẹ má jẹ́ kó kọjá, ìyà á sì máa lọ títí Council fi máa dáhùn.

Ọmọ_Library
Ẹ má bínú, màá sọ tọkàn mi. Èmi náà wà ní 300 level, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sùn sí library kí n tó kọ ìdánwò, ẹni tó jókòó níwájú mi mú expo wọlé, ó gba A, èmi gba C. Tí wọ́n bá ń dárí ji gbogbo ẹni tó bá sunkún, kí lèmi ń ṣòógùn fún?

Màámi_Olùkọ́
Ọmọ mi, ohun tó o sọ dùn mí, òótọ́ sì ni, mo ti rí ọ̀pọ̀ bíi tìẹ. Ìyà gbọ́dọ̀ wà. Kó ṣáà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu ni mo fẹ́. A ò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì lóru tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Irú ìyẹn, ká lé e, ká sì fa á fún ọlọ́pàá. Tá a bá wá lé ẹni tó ní fọ́múlà mẹ́rin nínú kákúlétọ̀ náà, kí ló kù tá a máa fi jẹ ẹni tó gbé ìbọn wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì níyà?

Àkọ́bí_Ọ̀yọ́
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti sọ fún mọ́mì lánàá, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn máa bá wa lọ, àwọn á jókòó síta dè é. Ẹni 150k yẹn, mi ò gbé fóònù ẹ̀ mọ́.

Wọ́n fún wa ní fọ́tòkópì fọ́ọ̀mù lónìí. Ìlà méjì péré ló kọ síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ rí wúruwùru, ó kọ ọ́ pé ìwé òun ni, òun ò wò ó, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ohun tó sọ fún mi nílé náà nìyẹn. Ìyẹn náà ló máa sọ ní Tọ́sìdeè.