Ṣé fíìmù tó dáa jù ló ń gba àwọ́ọ̀dù lóòótọ́?

Aláwòran: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Lọ́dún 2022 ìgbìmọ̀ tó ń mú fíìmù Nàìjíríà lọ sí Oscar, àwọ́ọ̀dù fíìmù Amẹ́ríkà, ní kò sí èyí tó kájú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Aníkúlápó wà lára àwọn tí wọ́n gbé síwájú wọn, ó wá di 2023, Aníkúlápó yìí kan náà ló gba fíìmù tó dáa jù ní AMVCA, àwọ́ọ̀dù fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà. Ta ni ká wá gbà gbọ́?

Ìyá Ìbejì: Ojú wọn ò lè rí i bákan náà jàre. Ní AMVCA gan-an, ìbò àwa òǹwòran ni wọ́n fi ń mú àwọn kan, ẹni tí fáànsì ẹ̀ bá pọ̀ tí dátà sì wà lọ́wọ́ wọn ló ń jẹ, àwọn adájọ́ ló ń mú ìyókù.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Fíìmù Lionheart ńkọ́? Oscar yọ ọ́ ní 2019 kúrò lára àwọn fíìmù tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ pọ̀ jù, wọn ò tiẹ̀ dé orí pé ó dáa àbí kò dáa!

Aláwòran: Háà, òótọ́ ni o. Ṣùgbọ́n ti Aníkúlápó yẹn ṣì ń dùn mí, ẹ wo bí Sàrò inú fíìmù yẹn ṣe ń hun aṣọ òfì.

Ìyá Ìbejì: Aṣọ dáa, fíìmù yẹn ló gùn jù.