Ọkọ̀ ojú omi máa já wa sí Långnäs lóru, báwo la ṣe máa dé Mariehamn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti màámi fẹ́ lọ sí Mariehamn, olú ìlú erékùṣù Åland ní Finland. Ìlú kékeré tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni. Pommern, ọkọ̀ onígbòkun olópòó mẹ́rin tó wà ní èbúté ibẹ̀, ni màámi fẹ́ fojú rí. Èbúté Apapa ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò sì kúrò lẹ́nu màámi láti ìgbà náà.

Ọkọ̀ alẹ́ láti Turku, ìlú èbúté kan ní Finland, ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ti sanwó tán kí n tó rí i lábẹ́ iye owó, ní lẹ́tà wínníwínní, pé Långnäs, èbúté mìíràn ní Åland, ló máa já wa sí, aago kan òru kọjá. Ibẹ̀ sí Mariehamn tó nǹkan bíi kìlómítà 30.

Mo wo àkókò bọ́ọ̀sì, n kò rí èyí tó ń rìn lóru. Mo kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì wa lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Mo fẹ́ pààrọ̀ sí ọkọ̀ ọ̀sán tó ń dúró ní Mariehamn gan-an, àyè ti tán. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, mi ò bá jókòó sórí àpò mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 71 ni màámi, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ di irin mú kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, oṣù kẹwàá la sì ń lọ.

Ẹni tó bá ti sọ̀ ní Långnäs lóru rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé wọ́n máa ń ṣí ibi tí èrò ń dúró sí sílẹ̀ di ìdájí, àbí àfi ká ti bá onítakisí sọ ọ́ ṣáájú, ọjọ́ mélòó ṣáájú sì ni?