Orin tí Stevie Wonder, olórin Amẹ́ríkà, kọ fún ọmọ rẹ̀: níbo lẹ ti gbọ́ ọ?

Ọmọ Adó: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ìkómọ kan ní Adó lọ́jọ́ Sátidé ló mú mi béèrè. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi fèrè fọn "Isn't She Lovely", omi bọ́ lójú mi. Ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìkẹ́rẹ́: 2009 ni tèmi. Ọmọ mi pé ọjọ́ mọ́kànlá lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́jọ àárọ̀, ọkọ mi fi síídì náà sí i. Ẹ mọ̀ pé igbe ọmọ tuntun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń gún iyán lẹ́yìnkùlé. Àfi gbì! Wọ́n ju ọmọrí odó sílẹ̀, wọ́n já wọlé, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́: "Kí lẹ fi ṣe é? Ẹ gbé e fún mi!" Ọmọ ń sùn fọnfọn ní tiẹ̀. Mọ́mì gbé etí lé e láyà kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ní ká tún un fi sí i. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí omi ti ń dún, wọ́n ní, "Ó ń wẹ ọmọ ẹ̀ nìyẹn." Mọ́mì ti sùn nínú Olúwa. Ìró ẹsẹ̀ wọn ni mò ń gbọ́ nínú igbe yẹn títí dòní.

Bàbá Àfẹ́: Iyán láago mẹ́jọ àárọ̀?

Ọmọ Ọ̀yẹ́: Bàbá, ṣé Èkìtì lẹ ti wá ṣá?

Ọmọ Ìjerò: Kò sí igbe ọmọ kankan nínú orin yẹn. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lù ú láti kékeré mi.

Olùkọ́ Ìkọ̀lé: Ti ẹgbẹ́ akọrin yín lẹ mọ̀. Ti Stevie gan-an jáde ní 1976 nínú Songs in the Key of Life. 1975 ni wọ́n bí Aisha, ọmọ tó kọ ọ́ fún. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò gbà kí wọ́n gé e kúrú láti tà á ní ẹyọ kan. David Parton wá kọ tiẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé ipò kẹrin lórí àtẹ orin tó ń tà jù níbẹ̀ ní 1977. Lọ́dún yẹn náà, Sonny Rollins, afọnfèrè jáàsì, fi fèrè fọn ọ́n. Àwọn tó ti tún un ṣe lẹ́yìn wọn ò lóǹkà.

Ọmọ Ìdó: Èmi ò lè gbọ́ ọ mọ́. Akọrin tí a gbà fún ìkómọ wa fi orúkọ ọmọ ẹlòmíì kọ ọ́, ọmọ tó kọrin fún lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ìyàwó mi sunkún wọ yàrá. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìyá Ìkẹ́rẹ́: Áà, ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Orúkọ ọmọ kì í ṣe eré.

Ọmọ Ọ̀yẹ́: Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n fi orúkọ Aisha sílẹ̀ nínú orin náà nìyẹn. Orin ọmọ ẹni ni.

Bàbá Àfẹ́: Mi ò gbà. Oríkì tí ìyá àgbà ki bàbá mi ni wọ́n ki èmi, òun ni wọ́n ki ọmọ mi. Orúkọ nìkan ló ń yí.

Ọmọ Ọ̀yẹ́: Oríkì kì í ṣe orin àwo, bàbá. Ìdílé ló ni oríkì.

Olùkọ́ Ìkọ̀lé: Aisha ti dàgbà, òun náà ti bá bàbá rẹ̀ kọrin nínú àwo tó gbé jáde ní 2005.

Nọ́ọ̀sì Ẹfọ̀n: Ẹ rántí pé Stevie ò ríran láti ìkókó. Ó ń bi wá bóyá ọmọ òun ò rẹwà, kò sì rí ojú ọmọ náà rí. Bàbá kan tí kò ríran wá sí wọ́ọ̀dù wa. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka kan tọ iwájú orí, ó tọ imú, ó tọ ètè, ó tún padà sí imú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, imú ìyá mi rèé." Mi ò lè dáhùn.

Ọmọ Adó: Ha.

Ọmọ Ìjerò: Ìyá Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti wá ti Stevie gbọ́ báyìí. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta ń yí fóònù mi síwá sẹ́yìn, ó ń wá ọmọ tó ń ké.